Òtẹ́ẹ̀lì kékeré láàrin ìgboro: Bí ilé àtijọ́ ṣe ń di ilé ìtura

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà ní ìlú, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni ilé alájà gíga tí yàrá rẹ̀ lé ní igba, tí yàrá kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ó sùn sí irú rẹ̀ ní London, tí ó tún sùn sí irú rẹ̀ ní Dubai, bí ó bá ta jí lóru, ó lè má tètè mọ ìlú tí òun wà. Ṣùgbọ́n oríṣi mìíràn ti gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní òtẹ́ẹ̀lì bùtíìkì. Ó kéré, àárín ìgboro ni ó sábà máa ń wà, kò sì fẹ́ jọ òtẹ́ẹ̀lì kankan.

Orúkọ náà ní ìtàn. Ní 1978, Anouska Hempel ṣí Blakes sí ìlú London. Ní 1981, Bill Kimpton bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 1984, Ian Schrager àti Steve Rubell ṣí Morgans sí New York. Rubell ni ó ṣàlàyé pé bí àwọn òtẹ́ẹ̀lì yòókù bá dà bí ilé ìtajà ràgàjì tí ń ta gbogbo nǹkan fún gbogbo ayé, tiwọn dà bí bùtíìkì, ìsọ̀ kékeré tí ń ta àṣàyàn ọjà. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn.

Kí ló wá dé tí owó irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀ fi máa ń ga? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Òtẹ́ẹ̀lì tí ó ní 300 yàrá yóò pín owó iná, omi, alásè àti ọlọ́dẹ sórí 300 yàrá. Èyí tí ó ní 20 yàrá, orí 20 péré ni yóò pín tirẹ̀ sí. Ní Nàìjíríà, ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún un. Àárín ìgboro náà kò sì sí níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Àǹfààní tí àlejò ń rí níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lè gbé e dé ọjà, ilé ìjọsìn àti ibi ìtàn, láìsan owó ọkọ̀.

Ohun tí ó kan ọmọ Yorùbá jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ilé àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń tún ṣe. Ní Marrakech, ní Morocco, ilé tí wọ́n ń pè ní riad ni wọ́n ń sọ di ilé ìtura: àgbàlá wà láàrin, gbogbo yàrá sì kọjú sí i, bí ti àwọn agbo ilé wa láyé àtijọ́. Ní Salvador, ní Brazil, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1586 ni wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì ní 2005. Àjọ UNESCO ti ka àárín ìlú méjèèjì mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1985.

Nílùú Èkó ńkọ́? Ilé Ilojo Bar, tí ó wà ní gbàgede Tinúbú, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil dé. Ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016. Ilé tí ó bá ń mú owó wọlé fún àwọn ọmọ onílé, kì í yá wọn lára láti wó o.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ìjọba tún àdúgbò Pelourinho ṣe ní Salvador ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ìdílé aláìní, tí àwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ògiri wà, àwọn tí ó ni ìtàn rẹ̀ kò sí mọ́. Atúnlé-ṣe tí kò ro ti àwọn tí ń gbé inú ilé, aṣọ tuntun ni ó ń wọ̀ fún òkú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dé sí irú òtẹ́ẹ̀lì yìí, kí ó béèrè kí ó tó sanwó. Ṣé owó orí ọjà, tí ó di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2020, ti wà nínú iye tí wọ́n pè? Bí ó bá jẹ́ Èkó ni, ìdá márùn-ún tí òfin ìpínlẹ̀ náà gbé kalẹ̀ ní 2009 ńkọ́? Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀? Ilé àtijọ́ kì í sábà ní ẹ̀rọ agbéniròkè, nítorí náà kí àgbàlagbà bèèrè yàrá ìsàlẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó wo ọ̀nà kejì tí a lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ilé tó rẹwà tí kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, ẹwà rẹ̀ kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí wewu fún.