Kí Oyún Tó Dúró: Oúnjẹ Tí Ó Yẹ Obìnrin Tí Ó Fẹ́ Bímọ

A kì í dúró dìgbà tí àgbàdo bá hù kí a tó túlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ aboyún rí: kí oyún tó dúró ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èròjà kan wà nínú oúnjẹ tí à ń pè ní fólétì. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọpọlọ àti ògóòró ẹ̀yìn ọmọ pa dé bí ó ti yẹ. Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń parí, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Bí fólétì kò bá tó, a lè bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀. Kì í ṣe èpè, ẹ má sì dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi.

Àwọn kan wà tí ara wọn kì í lo fólétì dáadáa tó ti àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ òbí ni wọ́n ti jogún rẹ̀. MTHFR ni àwọn onímọ̀ ń pe àbùdá náà. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n hóró folic acid ń ṣiṣẹ́ lára tiwọn náà.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Kí obìnrin tí ó fẹ́ lóyún máa lo folic acid oníwọ̀n máíkírógíráàmù 400 lójoojúmọ́, láti bí oṣù kan ṣáájú, títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tí ó ti bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là rí, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí ìwọ̀n tirẹ̀ yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Kí ó máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀pà, ilá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ọsàn. Hóró kò rọ́pò oúnjẹ.

3. Ẹ má se ẹ̀fọ́ pẹ́. Bí ẹ bá bọ̀ ọ́, tí ẹ fún un, tí ẹ sì da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú fólétì ti bá omi lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì rò ó nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná.

4. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má kó gbogbo ẹ̀wà lọ sọ́jà. Ẹ yọ ti ilé sílẹ̀ kí ẹ tó di àpò.

Ẹ béèrè hóró náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín.