Rọ́bà Tó Ń Ṣọ́ Rákì Ọkọ̀

Nínú gbogbo irin olówó ńlá tó so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, díẹ̀ ni ẹ̀mí awakọ̀ àti èrò rọ̀ mọ́ tó rákì, ọ̀pá irin eléyín tó dùbúlẹ̀ gbalaja láti ọ̀tún dé òsì, tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sítíárìn, tí ń jẹ́ ẹ fún táyà iwájú. Síbẹ̀, ohun tó ń gba ọlọ́lá náà lọ́wọ́ yanrìn, ẹrẹ̀ àti omi kò ju rọ́bà méjì tó hunjọ lọ, tí owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rákì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀.

Nísàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn ni jíà kékeré kan wà tí eyín rẹ̀ wọnú eyín rákì. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn, jíà a yí, rákì a sì sún sọ́tùn-ún tàbí sósì, tó bí sẹ̀ǹtímítà 15 láti òpin kan dé èkejì. Lórí rákì, níhà méjèèjì, ni oríkèé tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rákì ẹ́ǹdì wà: bọ́ọ̀lù irin tó jókòó sínú ihò irin, tí gírísì yí ká, kí táyà lè máa bọ́ sí kòtò, kí ó sì máa jáde níbẹ̀, láìṣẹ́ ọ̀pá tó dì í mú. Oríkèé kọ̀ọ̀kan yìí ni rọ́bà kọ̀ọ̀kan bò. Ọkọ̀ Ìjàpá àtijọ́ kò mọ rákì, àpótí jíà ló ń lò. Ṣùgbọ́n rákì ni Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 gbé wá, òun náà ló sì wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń rìn ní títì wa lónìí.

Ẹni tó bá ti dúró lágbẹ̀dẹ rí, nílé Ògún lákáayé, tó wo ọmọ-iṣẹ́ bí ó ti ń fi ẹwìrì alápò méjì fẹ́ná, yóò mọ bí rọ́bà méjèèjì ti ń ṣe: bí ti ọ̀tún bá hunjọ, ti òsì a nà gbọọrọ, bí ti òsì bá súnkì, ti ọ̀tún a nà. Afẹ́fẹ́ inú èyí tó súnkì sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà, ìdí nìyí tí àwọn rákì kan fi ní ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tó so rọ́bà méjèèjì pọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá dí ọ̀pá yìí, èyí tó súnkì a wú, èyí tó nà a fà mọ́ irin, kò sì ní pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi ya.

Ooru ẹ́ńjìnnì, òkúta títì àti ogbó ń ba rọ́bà yìí jẹ́, epo ẹ́ńjìnnì tó ń kán lé e lórí sì ń rọ̀ ọ́ títí yóò fi wú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Láti ibi tó là ni yanrìn ti ń wọnú gírísì, tí yóò máa lọ bọ́ọ̀lù oríkèé náà títí tí yóò fi máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ ní gbogbo kòtò. Omi a mú ara rákì dípẹtà, ìpẹtà náà a sì máa họ ọ́ìlì síìlì tó ń dá epo sítíárìn dúró nínú rákì. Ní ti ọkọ̀ tí mọ́tò iná mọ̀nàmọ́ná wà lára rákì rẹ̀, omi tó wọlé lè ba òun náà jẹ́, ìyẹn sì kúrò ní owó ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Wíwò rẹ̀ kò gba agbára, sùúrù ló gbà, nítorí ìsàlẹ̀ ìhunjọ ni rọ́bà ń fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ sí. Bí táyà bá kọjú síwájú gan-an, ẹ lè wò ó títí kí ẹ má rí nǹkan kan. Ẹ yí sítíárìn dé òpin kí rọ́bà kan nà, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sì fi ìka tọ ìhunjọ kọ̀ọ̀kan yíká, títí kan ẹ̀yìn tí ojú kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sí òdìkejì fún ìkejì. Gírísì díẹ̀ nínú rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú ẹnu rẹ̀ tí epo sítíárìn ya jáde, ẹ rántí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ọ́ìlì síìlì inú rákì ló ti lọ, rọ́bà tuntun yóò kàn bá a bo jíjò náà mọ́lẹ̀ ni. Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀rá wé ibi tó ya, wọn a sì fi okùn dì í. N kò rí i bí iṣẹ́, nítorí ọ̀rá kì í nà, kì í sì í hunjọ.

Bí a óò bá pààrọ̀ rọ́bà náà, a óò gbé ọkọ̀ sórí òpó irin, kì í ṣe jáàkì nìkan, a óò sì yọ táyà. A óò dẹ nọ́ọ̀tù tó há tai-rọ́ọ̀dù, oríkèé ìta níhà táyà, mọ́ ọ̀pá rákì ẹ́ǹdì, a óò sàmì sí ibi tó dúró, a óò sì yọ pínnì àti nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀. Tai-rọ́ọ̀dù kì í fẹ́ jáde. Ẹ̀gbẹ́ ihò irin tó gbá a mú ni kí á fi òòlù kàn, kí á má ṣe lu ẹnu okùn bóòtù rẹ̀, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a ti ń tú u, kí á ka iye ìgbà tó yí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, ìyí kan jẹ́ mílímítà 1.5, èyí tó tó láti mú táyà wo ibi tí kò yẹ kó wò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú kílíìpù ẹnu rẹ̀ méjèèjì, tí ẹ sì fa rọ́bà àtijọ́ bọ́, kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ di ọ̀pá mú, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bí oríkèé bá mì, òun náà yóò lọ. Ẹ nu gírísì oníyanrìn kúrò pátápátá, ẹ fi tuntun sí i. Ẹnu ńlá rọ́bà gbọ́dọ̀ jókòó sínú kòtò rẹ̀ lára ilé rákì kí kílíìpù tó há a. Ẹnu kékeré, ẹ fi gírísì pa á lára kí ọ̀pá lè yí nínú rẹ̀. Ẹ dá tai-rọ́ọ̀dù padà ní iye ìyí tí ẹ kà, ẹ fi pínnì tuntun sí i, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ fún aláímẹ́ǹtì. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kí ó dẹ kílíìpù ẹnu kékeré kí ó tó yí ọ̀pá, kí ó sì wò ó bóyá rọ́bà lọ́ kí ó tó há a padà, nítorí rọ́bà tuntun tó bá lọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe aláímẹ́ǹtì kì í pẹ́ ya.