Òṣómàáló Ayé Ẹ̀rọ

Láyé àwọn baba wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọwá Obòkun, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, a máa gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn a tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí owó yóò fi pé. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Nínú òwò fóònù òde òní, ẹni tó rà á gan-an ló yẹ kó lóṣòó, nítorí òun ni àwọn tó ṣe fóònù jẹ ní gbèsè.

Fóònù ní ara, ó sì ní ẹ̀mí. Gíláàsì àti bátìrì ni ara. Ẹ̀mí ni ètò tó ń darí gbogbo rẹ̀, bíi Android ti Google àti iOS ti Apple. Ìgbàkúùgbà ni àwọn onímọ̀ ń rí ihò tí olè lè gbà wọ inú ètò yìí, tí wọ́n sì ń fi àtúnṣe ààbò dí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àtúnṣe bá dáwọ́ dúró, fóònù lè máa dán gbinrin, kí ògiri rẹ̀ ti lanu sílẹ̀.

Ní 2013, nígbà tí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, 150,000 ni wọ́n pinnu láti pín. Ìwé 56 lórí ẹ̀kọ́ 17 ló wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà, tí ọmọ Òṣogbo Òròkí lè kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ rẹ̀ rán wa létí ọpọ́n Ifá. Àmọ́ ọpọ́n onígi a máa ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ti Android kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2023, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android tó kéré sí 5.0. Ọpọ́n ti sún.

Ìrètí wà ṣá. Ní 2023, Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún 7 fún Pixel 8. Samsung tẹ̀ lé e ní 2024 pẹ̀lú Galaxy S24. Ṣùgbọ́n fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wa ń rà kì í sábà rí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn ètò olówó mìíràn tí a ń fi sórí fóònù, tí a ń san owó wọn lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ara owó yẹn ni àwọn tó ń dí ihò ti ń jẹun. Ẹni tó bá sì lọ wa ẹ̀dà tí wọ́n jí gbé nítorí ọ̀fẹ́, àfàìmọ̀ kó má fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún fóònù, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: “Ọdún mélòó ni àtúnṣe rẹ̀ yóò fi máa wọlé?” Bí ẹ bá délé, ẹ wo inú ‘Settings’, ẹ wá ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò wọlé kẹ́yìn, bó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ má fi ètò báńkì yín sórí rẹ̀. Owó ti kúrò lọ́wọ́ wa, ọdún tí wọ́n ṣèlérí ló kù. Òṣó ni ká ló títí wọn yóò fi san án.