Wọ́n ti gba fúrídọ̀ọ̀mù tipẹ́, WWE tún ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́: Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà oníjàkadì tí wọ́n ń kó lọ sí NXT

Ohun tí ojú Bryan Danielson rí lọ́dún 2010, bó bá jẹ́ ojú télọ̀ kan n'Ìbàdàn ló rí i, yóò ti palẹ̀ máṣíìnì ẹ̀ mọ́, yóò sì gba abúlé bàbá ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 23, oṣù kejì, ọdún náà ni WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì tó tóbi jù l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò tẹlifíṣàn tuntun kan tí wọ́n pè ní NXT. Àwọn mẹ́jọ kan ni wọ́n kó wá, wọ́n ní ọmọọṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì yan ọ̀gá kọ̀ọ̀kan fún wọn tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Bryan wà nínú àwọn ọmọọṣẹ́ yìí. Wọ́n tiẹ̀ tún yí orúkọ ẹ̀ padà, wọ́n ní Daniel Bryan ni kó máa jẹ́.

Ọmọọṣẹ́ wo ni wọ́n ń wí? Láti ọdún 1999 ni Bryan ti ń jà. Ó ti jà káàkiri Amẹ́ríkà, ó ti jà dé Japan, ó ti jà dé ìlú Òyìnbó. Lọ́dún 2005, ó gba bẹ́líìtì tó ga jù ní Ring of Honor, ó sì gbé e kọ́rùn fún ohun tó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ta wá lọ̀gá tí WWE yàn fún un? The Miz ni. Miz yìí, ètò tẹlifíṣàn kan tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ sínú ilé, tí kámẹ́rà ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nígbà tí Bryan ti ń jẹ̀yà lórí ríǹgì, Miz kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjàkadì rárá. Òun ni wọ́n wá ní kó máa kọ́ Bryan níṣẹ́!

Gbogbo ìjà tí Bryan jà nínú ètò ọ̀hún ló pàdánù. Michael Cole tó ń ṣàlàyé ìjà fún àwọn òǹwòran kò yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n ní kó máa lọ. Ó padà wá lóṣù kẹfà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ya bo orí ríǹgì, wọ́n ń ba gbogbo nǹkan jẹ́, Bryan sì fi táì ọrùn ọkùnrin tó máa ń pe orúkọ àwọn oníjàkadì fún un lọ́rùn. WWE ní ìyẹn ti kọjá eré, ni wọ́n bá lé e dànù. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ kò tíì parí tí wọ́n tún fi ní kó padà wá. Lọ́jọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2010 náà, Bryan na Miz, ó sì gba bẹ́líìtì United States lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀. Lọ́jọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 2014, nílùú New Orleans, ó ja ìjà méjì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní WrestleMania, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé WWE.

Látìgbà yẹn ni àwọn olólùfẹ́ ìjàkadì ti ń bá ara wọn fà á. Ẹni tó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, tó ti kọ́ ọmọọṣẹ́ jáde, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti ń kọ́ọ̀yàn bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéèyàn dáadáa, ó yẹ ká mọ ohun tí NXT dà lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2012, WWE pa ètò ìdíje ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ yẹn tì, wọ́n sọ NXT di líìgì kékeré tiwọn, níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ yóò ti máa múra sílẹ̀ kí wọ́n tó gòkè lọ sí Raw àbí SmackDown. Yunifásítì Full Sail, ní Florida, ni wọ́n ti ń jà. Nígbà tó di oṣù keje, ọdún 2013, wọ́n ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ ńlá kan nílùú Orlando, ríǹgì méje ló wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tó ti gbá bóòlù Amẹ́ríkà rí, àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù, àtàwọn tó sáré ìje wá, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí ọrùn kò fi ní kán.

Gbogbo ayé ló kúkú mọ̀ pé wọ́n ti máa ń fẹnu kò sí ẹni tí yóò jáwé olúborí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣubú kì í ṣe irọ́, eékún tó yẹ̀ kì í ṣe irọ́, ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún tí èèyàn fi ń kọ́ bí yóò ṣe mú inú òǹwòran dùn tàbí bà jẹ́ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara ẹ̀ ti náwó iṣẹ́ náà tán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Samoa Joe fi ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn títí dòní. Joe ti ń jà láti ọdún 1999. Ó gbé bẹ́líìtì Ring of Honor fún oṣù 21, ó sì di ọ̀gá àgbà TNA lọ́dún 2008. Ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 2015 ló wọ NXT, ẹni ọdún 36 ni nígbà náà. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, NXT kó ìjà lọ sí Brooklyn, nílùú New York, àwọn tó sì wá wòran lé ní 15,000. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Joe bá Baron Corbin jà. Agbábóòlù Amẹ́ríkà ni Corbin tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ìjàkadì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e bọ̀ ni. Joe tọ́ ọ sọ́nà lójú agbo, ó sì na ọmọ náà.

Ta ló wá kọ́kọ́ gòkè? Corbin ni o! Oṣù kẹrin, ọdún 2016 ni wọ́n gbé e lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi Joe sí títí di ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 2017. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ gbáko ni àgbà yìí lò nílé ìkọ́ṣẹ́. Nígbà tó máa fi dókè, ó ti ń lọ sí ẹni ọdún 38, ara ò sì jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ìjàm̀bá kan ń lọ, òmíràn ń dé, títí wọ́n fi ní kó jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìjà. Kò gba bẹ́líìtì àgbáyé kankan lókè lọ́dọ̀ WWE. Oṣù kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n jáwèé fún un gbẹ̀yìn. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé nígbà tó dé AEW, tó jẹ́ orogún WWE, ó gba bẹ́líìtì tó ga jù níbẹ̀ lọ́jọ́ 30, oṣù kejìlá, ọdún 2023. Ẹni ọdún 44 ni. Àṣé agbára ṣì wà lára ọkùnrin náà!

Ẹ wá wo AJ Styles. Inú TNA ni òun àti Joe ti jọ jẹ́ ìràwọ̀, ìjà tí àwọn méjèèjì àti Christopher Daniels jà lọ́dún 2005 ṣì wà lára èyí táwọn èèyàn ń ròyìn. Lọ́jọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 2016, Styles jáde sí gbangba ní Royal Rumble, orúkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lójú bódì ni gbogbo ilé ti dìde, ariwo sọ. Ẹni ọdún 38 ni. WWE kò ní kó yà ní NXT rárá. Kò pé oṣù mẹ́jọ tó fi gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ Dean Ambrose lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016. Orlando náà ni Royal Rumble yẹn ti wáyé, ìlú kan náà tí ilé ìkọ́ṣẹ́ wà. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ló gbà kọjá, kò wọlé.

Bí èèyàn bá gbọ́ èyí, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n yéé kó àgbà lọ sí NXT. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Àwọn kan wà tí ibẹ̀ ṣe lóore.

Ìjàkadì orí tẹlifíṣàn WWE yàtọ̀ sí ti inú gbọ̀ngàn kékeré. Nínú gbọ̀ngàn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin làwọn èèyàn wà, gbogbo wọn ni oníjàkadì ń dá lóhùn. Ní WWE, kámẹ́rà ńlá kan wà lójú kan, ibẹ̀ ni ojú gbọ́dọ̀ kọ sí. Réfírì fi ẹ̀rọ sétí, òun ló ń sọ fún wọn pé ìpolówó ọjà ti fẹ́ wọlé, kí wọ́n rọra, tàbí pé ìṣẹ́jú méjì ló kù, kí wọ́n parí ẹ̀. Èèyàn lè mọ̀jà ju ẹkùn lọ kó má mọ èyí. Ẹni tó bá wá láti Japan bíi Shinsuke Nakamura, tó ti di ọba nílùú wọn, tún gbọ́dọ̀ wá bí yóò ṣe fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀. Ọdún kan tí Nakamura lò ní NXT, láti oṣù kẹrin, ọdún 2016, kò ṣàìwúlò fún un. Lọ́dún 2018, òun ló gba Royal Rumble.

Èyí tó dáa jù ni ti Kevin Owens, ọmọ ilẹ̀ Kánádà. Ọdún 2000 lòun náà bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó wọ NXT lọ́jọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 2014, oṣù méjì péré ló fi gba bẹ́líìtì ibẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ọdún 2015, ó gòkè, ó gbé John Cena nálẹ̀ fàá, kí oṣù náà sì tó parí, ó ti nà án mọ́lẹ̀ níbi ìjà gidi tí wọ́n jọ jà. Kò tó oṣù mẹ́fà tó lò nísàlẹ̀. Ó mọ ibi tí kámẹ́rà wà, àwọn èèyàn mọ orúkọ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwọn ọmọ tiwa. Tolúlọpẹ́ Ọmọgbẹ̀hìn, ọmọ bíbí Èkó tí wọ́n ń pè ní Omos, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ló ń gbá ní yunifásítì kó tó di oníjàkadì. Ìjà ẹ̀ àkọ́kọ́ lójú tẹlifíṣàn WWE, WrestleMania ni, lọ́jọ́ 10, oṣù kẹrin, ọdún 2021. Ọjọ́ yẹn náà ló gba bẹ́líìtì. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? AJ Styles ni. Styles ló ja púpọ̀ jù nínú ìjà ọ̀hún, tí iṣẹ́ ọmọ tuntun kò fi hàn sí gbangba pé ó kù díẹ̀. Àgbà kì í kúkú wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ tún wo Ọba Fẹ́mi, Isaac Odugbesan lorúkọ ẹ̀ gan-an, Èkó ni wọ́n bí òun náà sí. Ọta irin ló ń jù fún Yunifásítì Alabama kí WWE tó mú un lọ́dún 2021. Lóṣù kìíní, ọdún 2024, ó gba bẹ́líìtì North American lọ́wọ́ Dragon Lee, ọmọ Mexico tó ti jà káàkiri ayé kó tó dé NXT. Ọjọ́ 273 ló fi gbé e, kò sẹ́ni tó gbé e pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Lọ́jọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 2025, ó di ọ̀gá NXT pátápátá. Ẹni tó wá padà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Ricky Saints, tó ti gbajúmọ̀ ní AEW kó tó wá. Bí gbogbo ẹni tí Fẹ́mi ń bá jà bá jẹ́ ọmọọṣẹ́ bíi tiẹ̀, ibo ni ìmọ̀ ìbá ti wá? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí àgbà má dé NXT ni ìjà wà lé lórí. Àkókò tí wọ́n ń lò níbẹ̀ àti ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n ló ń fa wàhálà. Oṣù mẹ́fà tó fún ẹni tó mọṣẹ́ láti mọ kámẹ́rà. Ẹni tí èdè tàbí àṣà ìlú ṣe àjèjì sí lè lo ọdún kan. Ohun tó bá ti kọjá ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ tà, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sì ń gbé fún un ṣe lábẹ́ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ síta, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n san owó olùkọ́ fún un, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò gòkè.

Ọmọ ogún ọdún lè dúró dọdún mẹ́ta kó má pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 36 tí eékún ti ń dùn, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá lò nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún un. Bí wọ́n bá ti fi ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ Samoa Joe ṣòfò, kí wọ́n má fi ti ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.