ÌSỌDIPÚPỌ̀ ÀTI ÌWỌ̀N ILẸ̀: BÍ A ṢE LÈ FI YÉ ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ ìsọdipúpọ̀ lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n pé mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mélòó, kíá ni wọn yóò dáhùn pé mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n bí a bá mú wọn dé orí ilẹ̀, tí a ní kí wọ́n sọ bí ó ti tóbi tó, wọn kò ní mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ẹ̀bi wọn kọ́. Orin rẹ̀ la kọ́ wọn, a kò fi ohun tí orin náà ń sọ hàn wọ́n. Àwa àgbà pàápàá sì máa ń pàdánù owó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé

Ẹ gbé kéréètì ẹyin kan síwájú ọmọ. Ẹ ní kí ó ka ẹyin tó wà lórí ìlà kan: 6. Ẹ ní kí ó ka iye ìlà: 5. Kí ó tó fọwọ́ ka gbogbo rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ iye tí yóò jẹ́. 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30. Ẹ wá yí kéréètì náà, kí ẹyin 5 wà lórí ìlà kan, kí ìlà di 6. 30 náà ni. Ọmọ yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé kíka ìlà ni ìsọdipúpọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú un lọ sí oko. Bí ìlà ebè bá jẹ́ 12, tí ebè 14 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìṣirò náà lè ta kókó fún ọmọdé. Ẹ fi okùn pín oko náà sí méjì, kí ebè 10 wà lápá kan ìlà kọ̀ọ̀kan, kí 4 wà lápá kejì. 12 lọ́nà 10 jẹ́ 120. 12 lọ́nà 4 jẹ́ 48. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 168.

Láti orí ebè dé orí ilẹ̀

Ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí kò ní ebè tí a lè kà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi òṣùwọ̀n gé e wẹ́wẹ́. Ẹ fi ẹfun fa ilà onígun mẹ́rin sí àgbàlá, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ojú kan. Ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí òòró rẹ̀ jẹ́ 120, ní ìlà 120, ojú 60 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ojú 7,200. Èdè wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: níbùú lóòró. Méjèèjì la ń wí pọ̀, a kì í wí ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Ibi tí owó ti ń sọnù

Bí ẹnì kan bá ní òun ń ta ìdajì púlọ́ọ̀tì 60 lọ́nà 120 fún yín, tí ó sì kọ 30 lọ́nà 60 sínú ìwé, ẹ dúró ná. Ó dà bí òótọ́, nítorí pé 30 jẹ́ ìdajì 60, 60 sì jẹ́ ìdajì 120. Ṣùgbọ́n 30 lọ́nà 60 jẹ́ 1,800, ìdajì 7,200 sì jẹ́ 3,600. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló fẹ́ tà fún yín. Ìdajì gidi ni 30 lọ́nà 120, tàbí 60 lọ́nà 60.

Bákan náà ni ti oko. Hẹ́kítà 1 jẹ́ mítà 100 lọ́nà mítà 100, èyí tí í ṣe ojú onímítà 10,000. Oko tí ó jẹ́ mítà 200 lọ́nà 200 kì í ṣe hẹ́kítà 2. Hẹ́kítà 4 ni. Àgbẹ̀ tí ó bá kọ 2 sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹgbẹ́ ń pín ajílẹ̀, ìdajì ohun tí oko rẹ̀ nílò ni yóò gbà. Bí ó bá sì fẹ́ gbin kòkó ní mítà 3 sí mítà 3, igi kọ̀ọ̀kan yóò gba ojú 9. Ẹ pín 10,000 sí ọ̀nà 9: nǹkan bí igi 1,111 ni hẹ́kítà kan yóò gbà.

Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé okùn tí a fi yí ilẹ̀ ká. Ilẹ̀ 60 lọ́nà 60 yóò gba okùn ẹsẹ̀ bàtà 240. Ilẹ̀ 20 lọ́nà 100 yóò gba 240 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ní ojú 3,600, èkejì ní 2,000 péré. Ilẹ̀ tí igun rẹ̀ kò bá gún, ẹ pe awọnlẹ̀ sí i.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ pe ọmọ yín, ẹ fún un ní ìbú àti òòró, kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú yín. Bí ohun tí ó rí kò bá bá ohun tí ẹni tó ń tà á sọ mu, ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé.