Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀dà Olómi Ya Òkè àti Igi



Àwọn òbí kan ń bi wá bóyá àwòrán yíyà tọ́ fún ọmọ kéú. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Abdullahi ọmọ Abbas sọ fún ayàwòrán kan pé bí kò bá lè ṣe kó má ya àwòrán, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Lára ògiri mọ́ṣáláṣí ńlá Damásíkù, èyí tí Kàlífà Al-Walid (705 sí 715) kọ́, igi, odò àti ilé ni wọ́n fi wẹ́wẹ́ dígí aláwọ̀ tò síbẹ̀. Kò sí ènìyàn, kò sí ẹranko. Ọ̀nà náà ni àwa ń tọ̀.

Ọ̀dà olómi kò dà bí ọ̀dà ara ilé. Ọ̀dà ilé a máa bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ọ̀dà olómi kọjá dé orí tákàdá, funfun tákàdá ni ó sì ń tàn padà sí ojú wa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìkùukùu funfun hàn lójú sánmà, kò ní wá ọ̀dà funfun. Ńṣe ni yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkùn ún. Èyí máa ń nira fún àwọn ọmọ wa, nítorí wàláà ti mọ́ wọn lára: ohun tí wọ́n bá ṣì kọ, wọn a fi omi fọ̀ ọ́. Tákàdá kò gba irú ìyẹn.

Ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ibi tó dúdú jù ṣe ìkẹyìn. Ká ní Òkè Sóbì ní Ìlọrin ni a fẹ́ yà. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi omi lásán pa ojú sánmà, kó tutù ṣùgbọ́n kó má ṣàn. Kó tó gbẹ, ẹ fi ọ̀dà búlúù kùn ún láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ó máa ṣí bó ti ń sún mọ́ ilẹ̀. Yóò tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe. Àìsùúrù ló ń ba sánmà jẹ́ ju àìmọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀ kí ẹ tó kun òkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà òkè yóò wọ inú sánmà bí èéfín. (Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ ni ẹ ń yà, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkè ń rí nígbà náà.) Ohun tó jìnnà, kí ó ṣí, kí ó fẹ́ jọ sánmà, nítorí afẹ́fẹ́ àti eruku tó wà láàárín wa. Igi tó wà nítòsí ni kí ó dúdú: omi díẹ̀, ọ̀dà púpọ̀. Ẹ rántí pé ọ̀dà máa ń ṣí bó bá ti gbẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó dúdú díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Tákàdá ìwé àkọsílẹ̀ kò dára, ó máa ń hunjọ. Èyí tó wúwo tó 300 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó ni ó ń gba omi. Bí owó rẹ̀ kò bá sí, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tákàdá fẹ́lẹ́ mọ́ pákó, kí ẹ má sì yọ ọ́ títí yóò fi gbẹ.