Ọrọ̀ Tí Ó Farasin Sínú Èèpo Edé

Ibi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ bá tẹ̀dó sí ní etíkun Ìpínlẹ̀ Delta, òkìtì èèpo edé àti ti alákàn kì í wọ́n níbẹ̀. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni kítósàn, èròjà olówó iyebíye, ti inú rẹ̀ jáde.

Ohun mẹ́ta ni ó para pọ̀ di èèpo náà ní pàtàkì: ẹfun, amúaradàgbà, àti kítínì tí í ṣe okùn líle tí ó gbé e ró. Lára olú ni Henri Braconnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ́kọ́ rí kítínì ní ọdún 1811. (Ìkarahun ìgbín kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀.)

Àwọn tí ń ṣe é a fọ èèpo náà, wọn a sá a, wọn a sì lọ̀ ọ́. Wọn a rẹ ẹ́ sínú ásíìdì haidirokílóríìkì tí a fi omi là, yóò sì máa hó yeeyee bí ẹfun ti ń yòrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi bátìrì ọkọ̀ dípò rẹ̀ o. Ìyẹn a máa sọ ẹfun di ohun mìíràn tí kì í fẹ́ yòrò, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ èèpo. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi omi sódà fẹ́ẹ́rẹ́ se amúaradàgbà kúrò. Kítínì ni ó kù.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn a se kítínì fún wákàtí púpọ̀ nínú omi sódà tí ó le gan-an, tí sódà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Charles Rouget ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1859. Bí ó bá jinná dáadáa, ohun tí kì í yòrò tẹ́lẹ̀ yóò yòrò nínú ọtí kíkan. Kítósàn dé nìyẹn. A máa kó ìdọ̀tí inú omi jọ. Wọ́n sì ti fi ṣe báńdéèjì tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.

Àgbà obìnrin tí ó ti se ọṣẹ rí mọ bí omi eérú ti í bó ọwọ́. Ti sódà yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ: a máa fọ́ni lójú. Bí wọ́n bá sì dà á sódò láìfi ásíìdì rọ agbára rẹ̀, ẹja tí apẹja ń wá ni yóò kọ́kọ́ kú.